Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra multitool, puláyà ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹ má ka iye nǹkan tó wà nínú ẹ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá, iṣẹ́ ò ní pa yín lára. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ àti bí àwọn òbí ṣe ń náwó fírídọ̀mù, inú mi dùn sí i gan-an, torí ẹni tó bá ń gbé Abẹ́òkúta níbí mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Àmọ́ ibì kan wà tẹ́ ẹ ò dé, ibẹ̀ ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n máa ń rà fún ọmọ náà lọ́jọ́ tó bá gba fírídọ̀mù. Láyé ìsinsìnyí, ohun tí ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá sábà máa ń rà fún ọmọ tó kọ́ṣẹ́ rìwáyà, sólà, AC tàbí mẹkáníìkì ni multitool, irin kan ṣoṣo tó ṣeé ká, tó jẹ́ puláyà lẹ́nu, tí ọ̀bẹ, ayùn, fáìlì, sukudiráfà àti ohun tí wọ́n fi ń ṣí agolo wà nínú ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì. Wọ́n á rà á, wọ́n á dì í dáadáa, ọmọ á so ó mọ́ bẹ́líìtì, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́, kò sì ní pẹ́ rárá tí ẹnu puláyà yẹn á fi máa fì, tí ọ̀bẹ ẹ̀ á di ohun tí ò gé búrẹ́dì, tí owó tí wọ́n tu jọ á sì já sómi.

Iṣẹ́ rìwáyà àti sólà lèmi ń ṣe, Ọbáńtokó, Aṣẹ̀rò, Òkè-Ìlẹ̀wọ́, ibi tí wọ́n bá ti pè mí ni mò ń lọ. Àwọn tó ń pè mí torí iná wà, àwọn tó ń pè mí pé kí n bá àwọn yan multitool náà sì ti ń pọ̀ báyìí, pàápàá àwọn ìyá tó fẹ́ fi ta ọmọ lọ́rẹ, ìbéèrè kan náà sì ni: "Bọ̀dá, ọ̀kan ní nǹkan mọ́kànlélógún nínú, èkejì ní méjìdínlógún, èwo ni ká rà?" Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè yẹn gan-an ló ń kó wa sí wàhálà. Àwọn tó ń ṣe èyí tí ò dáa mọ̀ pé ohun tá a máa kà nìyẹn, ni wọ́n bá ń rọ́ gbogbo ẹ̀ kún inú ẹ̀, ohun ìṣígò méjì mẹ́ta, rúlà tí ò ṣeé fi wọn nǹkan kan, ìkọ́ tẹ́nikẹ́ni ò mọ iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n á wá kọ nọ́ńbà gàdàgbà sára páálí, àwa náà á sì rò pé a ti rí ọjà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn yín mọ̀ ni pé multitool iṣẹ́ agbára, puláyà ni. Àwọn tó kù kàn wá bá puláyà gbé ni. Ọ̀bẹ tó bá kú, ẹ lè ra ọ̀bẹ míì lọ́jà Kútọ̀ lówó pọ́ọ́kú, sukudiráfà náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí puláyà ẹ̀ bá ti bàjẹ́, gbogbo ẹ̀ ti tán nìyẹn, ẹ kàn ń gbé irin kiri ni.

Ẹni tó ṣe èyí tó lórúkọ jù nínú wọn, Tim Leatherman, ará Portland ní Oregon lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ohun tójú ẹ̀ rí ló jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1975, òun àti ìyàwó ẹ̀ gbé mọ́tò Fiat àlòkù kan rìn káàkiri Yúróòpù, mọ́tò yẹn ń dà wọ́n láàmú lọ́nà, ẹ̀rọ omi níbi tí wọ́n ń sùn sí náà ń jò, ọ̀bẹ àkápò wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun ló ń fi ṣe gbogbo ẹ̀, puláyà ló wá ń wá tí ò rí. Ìgbà tó padà délé ló jókòó tì í bó ṣe máa ki puláyà bọ inú ọ̀bẹ, ó gba páténtì ẹ̀ lọ́dún 1980, ọdún 1983 ló tó di ohun tí wọ́n ń tà. Ẹ sì rántí pé ọ̀bẹ àkápò tó ní nǹkan púpọ̀ nínú ti wà tipẹ́tipẹ́ kó tó dìgbà yẹn o, àwọn Victorinox ní Súwísáláńdì ti ń ṣe é láti àwọn ọdún 1890. Tó bá jẹ́ pé ọ̀bẹ àti ohun ìṣígò tó èèyàn, ọkùnrin yẹn ò ní da ara ẹ̀ láàmú.

Báwo lẹ ṣe máa wá yẹ puláyà wò? Ẹ ṣí i tán pátápátá, ẹ pa ẹnu ẹ̀ dé, kẹ́ ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ṣóńṣó ẹnu ẹ̀ níwájú ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pàdé, tẹ́ ẹ bá fún un díẹ̀ sí i ni eyín tó kù lẹ́yìn á tó pàdé. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ṣóńṣó méjèèjì ò ṣe déédéé, ọ̀kan ga ju ìkejì lọ, tàbí pé ìmọ́lẹ̀ ṣì ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá nígbà tẹ́ ẹ ti pa á dé, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fọwọ́ di ẹnu ẹ̀ méjèèjì mú, kẹ́ ẹ mì ín, kì í ṣe bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé o, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ mì ín. Èyí tó dáa ò ní mì. Èyí tó bá ti ń ṣe jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́ látinú ṣọ́ọ̀bù, ẹ fojú inú wo bó ṣe máa rí tó bá ti fa wáyà jáde nínú páìpù fún ìgbà díẹ̀.

Èyí tó tún dá mi lójú jù ni ti wáyà. Ẹ mú ègé wáyà flexible kan dání lọ sọ́jà, èyí tó ní irun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, ẹ bó o, kẹ́ ẹ yọ irun kan ṣoṣo nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ibi tí wọ́n fi ń gé wáyà lẹ́yìn ẹnu puláyà gé e. Èyí tó dáa á gé e tín, ojú ibi tó gé á mọ́. Èyí tí ò dáa, irun wáyà yẹn á kàn tẹ̀ kọ́rọ́ wọ àárín ẹnu méjèèjì, kò ní já, ẹ máa wá máa fà á ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi wáyà tó nípọn dán an wò, wọ́n á ní ó gé e, ó gé e lóòótọ́, torí wáyà tó nípọn ò lè sá bọ́ sínú àlàfo tó wà láàárín ẹnu ẹ̀, irun kan ṣoṣo ló ń tú àṣírí àlàfo yẹn. Ẹni tó ń tajà tó bá kọ̀ pé kẹ́ ẹ má ṣe é, ẹ rọra kí i pé ó dàbọ̀, kẹ́ ẹ bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ọwọ́ ẹ̀ ló kàn. Ẹ fi puláyà yẹn di nọ́ọ̀tì kan mú kẹ́ ẹ fún un gan-an, bí ẹni tó fẹ́ tú nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, kẹ́ ẹ máa wo ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì bẹ́ ẹ ṣe ń fún un. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ ni ọwọ́ multitool, tí irin náà bá ti fẹ́lẹ́, ẹ máa rí i tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ sí ara wọn bẹ́ ẹ ṣe ń fún un, ìyẹn ni pé agbára tẹ́ ẹ̀ ń lò kò dé ẹnu puláyà, ọwọ́ ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Kẹ́ ẹ sì tún wo àtẹ́lẹwọ́ yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jù ú sílẹ̀, tó bá ti fa ìlà pupa sí i, ẹ̀bá ọwọ́ ẹ̀ mú jù nìyẹn, tó bá di ọ̀sán ẹ ò ní lè fún un mọ́, torí ẹ̀ ni àwọn kan ṣe máa ń wọ gọ́lọ́ọ̀fù sí i nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Àwọn tó dáa máa ń yí ẹ̀bá yẹn po kó má bàa gé èèyàn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ẹ gbọ́ ná, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò èyí tó wúwo. Leatherman Surge, tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá nínú àwọn oníṣẹ́ agbára, 355 gíráàmù ni, Super Tool 300 tiwọn jẹ́ 272 gíráàmù, Wave+ tó jẹ́ tàárín jẹ́ 241. SwissTool ti Victorinox náà ò pé 300. Fóònù ńlá tó wà lọ́wọ́ yín lè má tó 250, ẹ wá rò ó pé ẹ so nǹkan tó wúwo ju fóònù lọ mọ́ bẹ́líìtì láti àárọ̀ dalẹ́, tẹ́ ẹ ń gun àkàbà, tẹ́ ẹ ń gun ọ̀kadà, tẹ́ ẹ ń bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ àjà. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ sólà tó jẹ́ pé orí páànù ló ń gbé, ẹni tó ń ṣe jẹnẹrétọ̀, ẹni tó lóko lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá tó máa ń gé wáyà ọgbà tó sì máa ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹni yẹn ni Surge tàbí SwissTool tọ́ sí, torí puláyà wọn tóbi, ó sì gba ìyà. Tíṣà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ẹni tó kàn fẹ́ máa tú nọ́ọ̀tì fáànù nínú ilé, ìyẹn ò nílò ẹ̀, èyí tó fúyẹ́ ló máa wà lára ẹ̀, èyí tó wúwo inú dúrọ́ọ̀ ló máa kú sí. Irinṣẹ́ tí ò bá sí lára yín lásìkò tẹ́ ẹ nílò ẹ̀, bí ẹ ò ṣe rà á náà ni.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí lọ́ọ̀kì, torí ibẹ̀ ló ti ń ṣe èèyàn léṣe. Ẹ ṣí sukudiráfà inú ẹ̀, ẹ gbé ẹnu ẹ̀ lé igi tábìlì, kẹ́ ẹ tì í sẹ́yìn bí ẹni pé ó fẹ́ padà sínú ilé ẹ̀. Tó bá padà láìjẹ́ pé ẹ tẹ nǹkan kan, kò lọ́ọ̀kì nìyẹn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi ta nọ́ọ̀tì tó le, orí ìka yín ló máa pa dé sí. Ọ̀bẹ àti ayùn náà, bákan náà lẹ máa ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kẹ́ ẹ tì, ẹ má fọwọ́ kan ojú ẹ̀ o. Àwọn tó dáa máa ń lọ́ọ̀kì gbogbo ẹ̀, ọ̀bẹ, ayùn, fáìlì, sukudiráfà, kò sí èyí tó ń pa dé fúnra ẹ̀.

Bí nǹkan ṣe ń jáde náà ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń dúró lórí àkàbà, torí ọwọ́ kan ló máa wà fún iṣẹ́, ọwọ́ kejì ló fi di ilé mú. Lára Wave tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1998 ni Leatherman ti gbé ọ̀bẹ sí ìta kó lè ṣeé fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo ṣí láì ṣí puláyà rárá, Surge náà rí bẹ́ẹ̀. Super Tool 300 ò rí bẹ́ẹ̀, inú ni gbogbo nǹkan ẹ̀ wà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya puláyà kẹ́ ẹ tó rí ọ̀bẹ. SwissTool, gbogbo nǹkan ẹ̀ ló ń ṣí láti ìta, àmọ́ èékánná lẹ máa fi yọ ọ́, ọwọ́ méjì ló gbà. MP600 ti Gerber, iléeṣẹ́ míì tó ń ṣe multitool, ní tiẹ̀, ẹnu puláyà ló ń yọ jáde síwájú tẹ́ ẹ bá ju ọwọ́ fìrì, ọwọ́ kan náà ló gbà, ẹni tó bá ń lo puláyà ju ọ̀bẹ lọ máa gbádùn ẹ̀. Mi ò ní sọ pé kí gbogbo èèyàn ra ọ̀kan náà, iṣẹ́ ẹnìkan ò jọ ti ẹnìkejì, àmọ́ tó bá jẹ́ orí àkàbà lẹ ti ń jẹun, ẹ má ra èyí tó gba ọwọ́ méjì, nínú Surge àti SwissTool tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, Surge ni kẹ́ ẹ mú.

Kẹ́ ẹ tún béèrè pé kí ló ṣeé pààrọ̀ lára ẹ̀. Ibi tí wọ́n fi ń gé wáyà ló máa ń kọ́kọ́ kú, pàápàá lọ́wọ́ àwa tá à ń gé ìṣó àti wáyà irin tó le pẹ̀lú ẹ̀. Lára Surge, Super Tool 300 àti Wave+ tó jáde lọ́dún 2018, ibẹ̀ ṣeé tú yọ, ẹ lè ra òmíràn fi sí i, irin tó le ni wọ́n sì fi ṣe é. Ti Surge tún ní ibì kan tí wọ́n máa ń ki ayùn àti fáìlì bọ̀, tó bá kú ẹ yọ ọ́, bíléèdì jígísọ̀ onírù T, àwọn kúkúrú yẹn, ló ń wọ ibẹ̀, káfíńtà tó bá ní jígísọ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ lè rí i rà níbi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ káfíńtà láìjẹ́ pé ẹ ránṣẹ́ sí òkè òkun. Sí èmi o, ìyẹn ju ohun ìṣígò márùn-ún lọ. Ti sukudiráfà náà, ẹ wò ó bóyá ẹnu ẹ̀ ṣeé pààrọ̀, torí nọ́ọ̀tì olójú ìràwọ̀ ti wà nínú fóònù àti laptop báyìí, onílà àti olójú àgbélébùú nìkan ò tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì tún wà. Àwọn èèyàn wa ti gbà gbọ́ pé irin tí mágínẹ́ẹ̀tì bá ti mú kì í ṣe sitéńlẹ́ẹ̀sì, wọ́n á mú mágínẹ́ẹ̀tì lọ sọ́jà, ó á lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ multitool, wọ́n á ní ayédèrú ni. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ìkòkò àti síbí sitéńlẹ́ẹ̀sì lóòótọ́, mágínẹ́ẹ̀tì kì í sábà mú un, torí irú irin tí wọ́n fi ṣe wọ́n yàtọ̀, kò ṣeé fi iná mú le bí ti ọ̀bẹ. Irin ọ̀bẹ bíi 420HC tí Leatherman ń lò, sitéńlẹ́ẹ̀sì ni, mágínẹ́ẹ̀tì sì ń mú un, torí irin tí wọ́n fẹ́ fi iná mú le kó lè mú ni. Ẹ má fi mágínẹ́ẹ̀tì yan multitool mọ́, kò lè sọ nǹkan kan fún yín. Ti pé sitéńlẹ́ẹ̀sì kì í dípẹtà náà, ẹ má tẹ̀ lé e. Chromium tó wà nínú ẹ̀ ló ń bò ó lára, kò gbọ́dọ̀ dín ní 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó pè é ní sitéńlẹ́ẹ̀sì, àmọ́ òógùn, iyọ̀ àti omi tó bá dúró pẹ́ nínú ìṣẹ́po ẹ̀ máa mú ìpẹtà jáde. Àwa tá a ń ṣe ìnfátà ló yẹ ká ṣọ́ra jù, ásíìdì bátìrì tó bá ta sí i, tí ẹ ò bá fi omi ṣàn án lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Epo másíìnì ìránṣọ ẹ̀kán kan sí ojú ìṣẹ́po, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ti tó. Kẹ́ ẹ tó kán epo, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó fọ erùpẹ̀ inú ẹ̀ jáde, torí epo tẹ́ ẹ bá kán lé erùpẹ̀ máa di ẹrẹ̀ tó ń lọ irin.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ ní lẹ́tà dúdú tó nípọn tí àyè bá wà: multitool ò ní rọ́bà tó ń dá iná dúró. Irin ni látòkè délẹ̀. Iná ilé wa 230 fólítì ni, ẹni tó bá fi irin bẹ́ẹ̀ gé wáyà tí iná ṣì wà lórí ẹ̀ ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ fa ikú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń rí èyí tí wọ́n fi pílásítíìkì dúdú bo ọwọ́ ẹ̀, wọ́n á rò pé òun náà dà bíi puláyà rìwáyà ọlọ́wọ́ pupa tí wọ́n kọ 1000V sí lára, rárá o, ìyẹn jẹ́ kó rọrùn dì mú lásán. Ẹ kọ́kọ́ pa méènì, ẹ fi tẹ́sítà wò ó, ẹ tún un wò, kẹ́ ẹ tó fi multitool kan án. Ti sólà tún burú sí i torí kò sí méènì tẹ́ ẹ máa pa fún oòrùn, bí oòrùn bá ti wà lórí pánẹ́ẹ̀lì, wáyà tó ń ti orí páànù bọ̀ ní iná nínú títí tẹ́ ẹ fi máa bò ó tàbí tí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ọ̀gá tí ò bá sọ èyí fún ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kó tó fún un ní fírídọ̀mù, iṣẹ́ ṣì kù lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn ọ̀gá àgbà kan wà tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí i lára ọmọ iṣẹ́ àwọn rárá, pé ọ̀lẹ ló ń lò ó, pé irinṣẹ́ gidi inú àpótí ló wà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ọ̀dọ̀ wọn la ti kọ́ ọ, òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, multitool ò lè ṣe iṣẹ́ sípánà, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ẹnu puláyà ẹ̀ jẹ orí nọ́ọ̀tì tí sípánà 13 yẹ kó tú, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi ṣe hámà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wá sí orí páànù àwọn ilé àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ Olúmọ níbẹ̀, àwọn tí páànù wọn ti pọ́n kuku, tí ẹ ò lè tẹ̀ síbi tó bá wù yín, ìṣó ló mọ ibi tí igi wà nísàlẹ̀. Ẹ ti dé òkè, ẹ ti wá rí i pé kílíìpù kan ló ń dí wáyà lọ́wọ́, àpótí wà nísàlẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ti lọ ra omi. Ṣé kẹ́ ẹ tún padà sọ̀kalẹ̀ gba orí páànù jíjẹrà yẹn torí puláyà ni? Ohun tó wà lára bẹ́líìtì ló máa parí ẹ̀, ẹ ò ní gbé ẹ̀mí yín wewu lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ àpótí yàtọ̀, iṣẹ́ bẹ́líìtì yàtọ̀, ọmọ tó bá ní méjèèjì ló máa ṣiṣẹ́ kánkán.

Ti ayédèrú, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀, ti gidi máa ń wọnú irin, lẹ́tà ẹ̀ máa ń tò, ti ayédèrú máa ń dà bí ohun tí wọ́n kàn fi kun, èékánná lè ha á kúrò, nígbà míì lẹ́tà kan á ti yẹ̀ nínú orúkọ náà. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wò ó bóyá wọ́n ń padà síbi wọn láì gún ara wọn. Ti Leatherman ní ìdánilójú ọdún 25, ti Victorinox náà ní tiẹ̀ tí kò lópin lórí àbùkù tó bá ti ọwọ́ wọn wá, àmọ́ ìyẹn ò kan ayédèrú, ẹni tó ń tajà lè máa búra, ẹ bi í pé kó fún yín ní rìsíìtì tí orúkọ ọjà wà lórí ẹ̀. Tówó ò bá sì ká èyí tó lórúkọ, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, èyí tí ò lórúkọ tó bá yege lọ́wọ́ irun wáyà, lọ́wọ́ nọ́ọ̀tì, lọ́wọ́ lọ́ọ̀kì, ẹ rà á. Mo ti rí irú ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́wọ́ àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Tòkúnbọ̀ tó jẹ́ ti gidi náà ń bẹ lórí tábìlì ní Láfẹnwá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀bẹ ẹ̀ lè ti kú, ìyẹn ṣeé pọ́n, ìṣẹ́po puláyà ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Kí n tó gbàgbé, ẹnu ọ̀nà báǹkì ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e wọlé, torí ọ̀bẹ inú ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sí nínú báàgì tẹ́ ẹ máa gbé wọ inú ọkọ̀ òfuurufú, inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ló ń wà. Lójú ọ̀nà náà, ẹ jẹ́ kó wà lára bẹ́líìtì tàbí nínú àpótí iṣẹ́ yín níbi tójú ti máa rí i, ẹ má kì í bọ àpò ṣòkòtò lálẹ́ lọ síbi àríyá, irinṣẹ́ ni, kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀.

Ohun tí mo wá ń bẹ ẹ̀yin olóòtú ni pé kẹ́ ẹ ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ fún irinṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn yín, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ẹ pe káfíńtà kó sọ bí wọ́n ṣe ń mọ ayùn tó dáa, ẹ pe télọ̀ kó sọ ti sọ́ọ̀sì, ẹ pe mẹkáníìkì kó sọ ti sípánà, àwa oníná náà á wá. Ẹ bá wa bẹ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ní Kútọ̀, Pánṣẹ́kẹ́ àti Láfẹnwá pé kí wọ́n tú ọ̀kan sílẹ̀ nínú páálí fún oníbàárà láti fọwọ́ kàn, kí wọ́n sì so nọ́ọ̀tì kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì téèyàn lè fi dán puláyà wò. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà, kí wọ́n mú ọmọ lọ sọ́jà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú fírídọ̀mù, kó fọwọ́ ara ẹ̀ yan èyí tó máa lò, kí òbí sì sanwó ẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde kí oṣù Kejìlá tó dé, torí ìgbà yẹn ni fírídọ̀mù máa ń pọ̀ jù níbí.

Èmi ni tiyín,
Rìwáyà kan,
Ọbáńtokó, Abẹ́òkúta.